Orúkọ Àwọn Ìyá Tó Hun Aṣọ ní Oregun

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí. Bọ̀dá Wàídì, àkọ́bí yín ńkọ́? Ìyàwó wọn ńkọ́? Gbogbo ará ilé wa ní Agége ńkọ́? Èmi wà láàyè, mo dúpẹ́. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kí ọmọ gbogbo àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ lè rí i kà, àmọ́ ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Yìnyín ti bo gbogbo ìlú yìí mọ́lẹ̀. Bí mo bá kúrò ní kíláàsì, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń lọ ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti ń rí owó ilé san. Mò ń jẹun o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ibí yìí ni kò tíì mọ́ mi lára. Nígbà míì mo máa ń pè yín lórí fóònù láìní ohun tí mo fẹ́ sọ, kí n sáà lè gbọ́ igbe yín. Ilé iṣẹ́ aṣọ híhun tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní Oregun ló kọ́ yín ní igbe yẹn: ẹni tí kò bá pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé tipẹ́, ẹ ò sì tíì rẹ ohùn sílẹ̀.

Mo rántí bí mo ṣe máa ń dúró dè yín nírọ̀lẹ́. Ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, òwú á ti bo gèlè yín àti ìpéǹpéjú yín, ẹ óò funfun bí arúgbó. Èmi ni mo máa ń ṣa òwú náà kúrò. Ẹ óò ní kí n fi díẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò lè bọ̀wọ̀ fún yín. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí, ìyá mi, ó ń sọ mí gan-an.

Ìdí rèé tí mo fi sọ pé àwọn obìnrin tó hun aṣọ ní Oregun ni n óò fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, èyí tí àwọn ọmọ ilé ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin àti Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ dúró ti ẹ̀rọ kan náà, lẹ jókòó ti fóònù tí ẹ ń sọ, tí mò ń kọ. Mo kọ ọ́ tán, mo gbé e fún olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà. Ó yìn ín, ó wá béèrè ta ni ń jẹ́ Ìyá Wàídì, ta ni ń jẹ́ Ìyá Ìbejì. Mo ní orúkọ wọn nìyẹn, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní orúkọ ọmọ wọn ni. Ó wò mí, ó ní, "Kí wọ́n tó bímọ ńkọ́, ta ni wọ́n?"

Ó ní bí kò bá sí orúkọ, ọ̀rọ̀ yín kò lè dúró bí ẹ̀rí, wọn yóò ní kí n yọ ọ́. Bí mo bá sì yọ ọ́, kò sí iṣẹ́ kankan mọ́, n ò sì ní gboyè.

Mo pè yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n kọ tiyín, kí n má sáà fi ẹnu pè é bí ẹni tó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo wá béèrè ti Ìyá Ìbejì. Gbogbo ọdún tí ẹ fi jọ jẹun nínú abọ́ kan, ẹ ò mọ orúkọ wọn. Ẹ ní ojú ń tì yín, àfi kí ẹ lọ bi wọ́n nílé. Nígbà tí ẹ padà pè mí, ẹ ní wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá sọ ọ́, wọ́n sì bú sẹ́kún. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú, kò sẹ́ni tó tún fi orúkọ náà pe àwọn. Èmi náà sunkún níbí.

Mo rò pé orí kíkọ náà ni yóò parí sí. Lọ́jọ́ tí mo lọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùkọ́, ọ̀kan nínú wọn ní kí n dárúkọ àwọn tó fún mi ní ìtàn náà. Mo rántí ìkìlọ̀ yín. Gbogbo wọn ń wò mí. Ni mo bá kúnlẹ̀. Tábìlì gíga tí mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ bò mí pátápátá, wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi, ẹnì kan ti ń gbé omi bọ̀. Ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti pe orúkọ yín tòun ti oríkì, mo sì pe ti Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dìde, mo ṣàlàyé pé ọmọ tí a bá kọ́ nílé wa kì í dúró gbọn-in pe orúkọ ìyá rẹ̀. Olùkọ́ náà wá rọra bẹ̀ mí pé kí n tún orúkọ náà pè, kí òun lè kọ ọ́ dáadáa. Mo tún kúnlẹ̀.

Wọ́n gba iṣẹ́ náà, ìyá mi. Wọn ò yọ ọ̀rọ̀ yín kan.

Ọlọ́run yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, ẹ óò jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Wàídì àti gbogbo ará ilé. Ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì dáadáa. Nígbà míì tí ẹ̀yin méjèèjì bá jókòó, ẹ pè wọ́n ní orúkọ wọn, kí wọ́n sì pe tiyín. Ẹgbẹ́ ni yín, ẹ̀yin lẹ lè pè é.

Èmi ni ọmọ yín,
Rùkáyátù