Ohùn Tó Wá Láti Ẹ̀yìn Àga Màámi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta náà ti gùn jù, ẹ má bínú sí mi. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún, tí kò ní rò pé físíìsì tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìjagun ti yí mi lórí. Mo wò ó títí, ẹ̀yin nìkan ló kù.

Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ti dé láti Jámánì. Ó sanra débi pé tí ẹ bá rí i lọ́nà, ẹ máa kí i ní “ẹ káàsán, sà.” Ó gbé ẹ̀rọ kan wálé tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, ó sì mú àwo kan dání tó tóbi bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, àmọ́ tó ń dán bíi dígí. Nígbà tí mo gbé e sójú oòrùn, àwọ̀ òṣùmàrè jáde lára rẹ̀. Bàbá, fíìmù yín ló wà nínú àwo yẹn! Fíìmù ìdúpẹ́ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìgbéyàwó yín, èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà, tó wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì látìgbà tí ẹ ti lọ. Bùọ̀dá kó o dání nígbà tó wálé kẹ́yìn, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi gba ohùn ọjọ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì bá a gbé méjèèjì sórí àwo kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo di àwo náà mú. Odidi ọjọ́ kan, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì àti fèrè, àwọn tó ti kú àti àwọn tó ṣì wà, ni mo fi ìka gbé dání yẹn. Ọmọ aráyé mà gbọ́n o.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń di ojú kan, kódà nígbà tí kámẹ́rà ò sí lọ́wọ́ yín? Ẹ máa jókòó ti ìkọ́kọrẹ́ yín, ẹ máa di ojú òsì, ẹ máa fi ọ̀tún wo Màámi lókèèrè bí ẹni tó ń wá ibi tó ti máa yà á. Aṣọ ìnujú funfun tí ẹ fi ń nu ojú kámẹ́rà, ta ló jẹ́ fi nu imú? Nítorí pé ẹ̀yin lẹ máa ń yà wá, ẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú fọ́tò kankan nínú ilé yìí. Ní ti ohùn yín, a ò ní in rárá. Mo máa ń gbìyànjú láti rántí rẹ̀ tí mo bá ń fọ aṣọ, á sì máa yọ́ lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Màámi ò fẹ́ràn fíìmù yẹn. Gbogbo tọkọtaya tó bá ń ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n jọ máa ń jó dé iwájú pẹpẹ ni. Lọ́jọ́ tiyín, ẹ gbé kámẹ́rà, ẹ lọ dúró síwájú, ó wá ku Màámi nìkan tó ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ojú ń ti ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ láti bá obìnrin tí kò ka ju Bíbélì àti ìwé orin lọ jó lójú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ yín. Ó sọ ọ́ fún yín ní ṣàkó, ó ṣojú mi. Ẹ kàn ń nu kámẹ́rà yín ni. Kí ló dé tí ẹ ò dá a lóhùn, Bàbá? Àìsàn dé, ẹ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó ti Màámi nínú ilé bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bùọ̀dá fi àwo náà sínú ẹ̀rọ. Àwòrán yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ohùn ń jáde nínú sípíkà méjì tó wà níwájú wa. Màámi ni mo rí yẹn, pẹ̀lú gèlè rẹ̀ tó ga, tó ń jó bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ariwo fèrè bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Nígbà tó jó dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bùọ̀dá mi orí, ó ní àìsàn yẹn ti wà lára yín nígbà náà, pé ọwọ́ yín ò gbé kámẹ́rà mọ́. Màámi gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó fẹ́ dìde lọ sí kíṣìnì.

Ibẹ̀ ni Bùọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu, pé ní Jámánì, tí òjò bá ń rọ̀ nínú fíìmù, ẹ̀yìn èèyàn ló ti máa ń gbọ́ ọ. Èmi náà ò gbà fún un. Mo ti ka ọgbọ́n rẹ̀ nínú ìwé, kò tilẹ̀ le. Mo yọ sípíkà méjèèjì inú rédíògíráàmù yín àtijọ́, mo gbé wọn sẹ́yìn àga Màámi, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó jókòó díẹ̀ sí i.

“Má jó ẹ̀rọ mi o, tíṣà!”

Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ojú ihò waya sípíkà tí wọ́n kùn ní pupa níbẹ̀, ti ọ̀tún àti ti òsì, ni mo so waya mọ́, mi ò kan dúdú rárá. Tí a bá so ó bẹ́ẹ̀, ohùn tó bá wọ ọ̀tún àti òsì lọ́gbọọgba á pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú sípíkà ẹ̀yìn. Èyí tó bá fì sí apá kan nìkan ló máa jáde níbẹ̀. Àtẹ́wọ́ àti ẹkún ọmọdé ni mo ń retí, kó lè dà bíi pé a jókòó sáàárín ìjọ.

A tún àwo náà fi sí i. Fèrè ń dún níwájú. Lẹ́yìn Màámi, kò sí fèrè. Bàtà ló wà níbẹ̀, bàtà tó ń lu ilẹ̀, àti èémí ẹnì kan. Ẹ sì sọ̀rọ̀.

“Ẹ sún díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìyàwó mi ni mò ń yà.”

Bàbá, ẹ̀yin ni! Ẹ tiẹ̀ wú ikọ́ kékeré yín yẹn. Bàtà náà tún yára, ó bá fèrè mu, bí ó sì ṣe ń lu ilẹ̀ ni àwòrán ń gbọ̀n.

“Ẹ wò ó bó ṣe ń jó bọ̀! Ìyàwó mi nìyẹn o!”

Ijó lẹ̀ ń jó! Àìsàn kọ́, ẹ̀ ń bá a jó láti ibi tí ẹ dúró sí! Èmi ni mo so waya, mo sì mọ ìdí tí ohùn yín fi jáde: rikọ́dà yín wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, etí kan tó fi ń gba ohùn kọjú sí yín. Mo mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀. Síbẹ̀ gbogbo irun ara mi ló dìde, mo sì ń sunkún láìmọ̀.

“Àníkẹ́!”

Àwa ọmọ ò gbọ́ oríkì Màámi lẹ́nu yín rí. Ìyá Ṣẹ́gun lẹ máa ń pè é nínú ilé. Ẹ sì mọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ wa ní kékeré, pé tí òkú bá pe èèyàn, èèyàn kì í jẹ́ ẹ. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹnjiníà láti Jámánì, fò dìde, ó dojú tábìlì bolẹ̀.

“Màámi, ẹ má dáhùn o! Ẹ má dáhùn!”

Ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ ara rẹ̀, kò rí i. Èmi olùkọ́ físíìsì náà, mo ti di ìró Màámi mú gírígírí.

“Àníkẹ́ mi! Mò ń bá ẹ jó o!”

Màámi já ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀. Ó yí padà lórí àga, ó kẹ́yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó kọjú sí ibi tí ẹ wà.

“Mo gbọ́, olówó orí mi. Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.”

Bàbá, ṣé ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.