Ìka Tí Ọṣẹ Ti Jẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ò tíì gbàgbé pé àwọn ní ìyá àgbà? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Àwa náà wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣe àríyànjiyàn.

O ní kí n má tẹ̀lé àbúrò rẹ lọ síbi ìdánwò àṣewọlé yunifásítì tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, pé màá dójú tì í. Mo tẹ̀lé e. Èmi ni mo bí i, kọ̀ǹpútà kọ́.

Lẹ́nu géètì ni wọ́n ti ń tú ara àwọn ọmọ wò bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gba aago ọwọ́, wọ́n gba bírò pàápàá. Ìdánwò wo ni wọ́n ti ń gba bírò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ ọ́? Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí kọ̀ǹpútà lóríṣiríṣi, pátákó láàárín wọn bíi ti ilé adìyẹ, kámẹ́rà sì tẹjú mọ́lẹ̀ láti òkè àjà. Mo juwọ́ sí i, kò dá mi lóhùn. Wọ́n ní ìbéèrè ẹni yìí ò bá ti ẹnìkejì rẹ̀ mu. Àánú wọn ṣe mí, ilé ìwé ńlá bẹ́ẹ̀, wọn ò rí ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa kárí gbogbo ọmọ. Bí àkókò bá sì ti pé, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ dé, ì báà jẹ́ pé ọmọ ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Kí ọmọ tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ ẹ̀rọ kékeré kan kó lè dá a mọ̀. Àbúrò rẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó nu ìka, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Àwọn tó kù ń wọlé, omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. Ìyá onígíláàsì ojú tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà ní ọṣẹ ti jẹ ìlà ìka rẹ̀, àbí ó máa ń fọṣọ ni? Mo ní kí lọmọ alágbàfọ̀ ì bá tún máa fọ̀? Mo bá ti àtàǹpàkò tèmi bọ ibẹ̀, kí wọ́n fi ti ìyá gba ọmọ wọlé. Ṣebí èmi náà ni mo máa ń fọwọ́ sí ìwé fún ọ nígbà tí o wà nílé ìwé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan lórí ìka tiyín. Ó ní kò séèyàn níbẹ̀.”

Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ tó bá ní kò séèyàn níbi tí èmi dúró sí, kí wọ́n gbé e lọ tọ́jú ojú.

Ó ní kí àbúrò rẹ dán àwọn ìka yòókù wò, wọ́n ti gba gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ni ẹ̀rọ gbà, èyí tí kì í bá wọn dá sí iṣẹ́. Ọ̀lẹ inú wọn ló gbé wa dé èbúté.

Ó yege o. Ṣùgbọ́n yunifásítì fúnra rẹ̀ fẹ́ tún dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, wọ́n á sì tún béèrè ìka. Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọṣẹ mọ́. Èmi ni mò ń fọ gbogbo aṣọ oníbàárà. Ó ń bá mi jà, mo ní kó gbé ìka wa lọ síbi tó gbẹ, kó máa kàwé.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi wá ẹni tí yóò bá mi fọ̀ títí ìdánwò yẹn á fi kọjá. Fi rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, má fi sí báǹkì, kí ẹ̀rọ tiwọn náà má lọ sọ pé kò séèyàn níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ pé níbo ni ìlà ìka ìyá rẹ lọ, fi ìwé ẹ̀rí tí o gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ hàn án.

Ọwọ́ rẹ ò ní ṣe làálàá lásán. Tèmi náà ò ṣe é lásán.

Èmi ni ìyá rẹ tí ẹ̀rọ ò mọ̀.