Gbé Mi Lọ Sí Ẹgbẹ́ Bàbá Albert

Ìfẹ́tẹ̀dó,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn òjò.

Fèyísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Dámi ọmọ-ọmọ mi tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Ọlọ́run tó gbé yín sọdá òkun kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ àjèjì mú yín gbàgbé ilé. Fíríwéè, títì ńlá tí ò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ní Dallas kò ní nà ọ́, àmín.

Nílé níbí, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ kí ó tó re ibi àgbà ń rè ti bímọ, akọ méjì. Òrùlé yàrá rẹ ń jò, ṣùgbọ́n mo ti gbé korobá sábẹ́ rẹ̀. Kàmíl tó ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọjà ni yóò ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo ká a sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa, ó ní kí n tú u. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọn ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ mú bírò nìyí, fara balẹ̀ kà á. Nígbà tí o pè lọ́jọ́sí, o ní iṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbé fún ìwọ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn yín ni pé kí o máa pín àwọn aláìsàn sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, bí ìtọ́jú tí kálukú nílò bá ṣe rí. O ní àwọn tí ara wọn le, àwọ̀ ewé ni kọ̀ǹpútà ń fi sí orúkọ wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ ń rí wọn. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, yẹ́lò ni tiwọn. Àwọn arúgbó tó ń dá gbé, tí àìsàn ti pọ̀ lára wọn, pupa ni tiwọn, àwọn lẹ ń pè láràárọ̀, tí ẹ sì ń lọ bá nílé. O wá dárúkọ bàbá kan, Albert, tó ń gbé ní Lancaster lẹ́bàá Dallas yín, pé bí o bá ti jí, òun lo kọ́kọ́ ń pè: ṣé ó sùn dáadáa, ṣé ó ti lo oògùn, kí ló jẹ lálẹ́, ṣé kò ṣubú.

Mo rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Nígbà tí o gbé e sílẹ̀, mo jókòó, mo rò ó títí, ó wá yé mi. Mo ti ń bi ara mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Ìsinmi tó bá wu Ọlọ́run ni mò ń gbóhùn rẹ. Àṣé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, kọ̀ǹpútà yẹn ló fi mí sí àwọ̀ ewé! Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mò ń sọ. Bí o bá ti béèrè ara mi, èmi á ní dídùn ni, ara ọ̀tá ni kò le. Kí ló yẹ kí bàbá wí? Ta ló ń ka ìrora orúnkún fún ọmọ tó wà lókè òkun?

Àwọn ti ibí náà ti ń ṣe irú rẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì Abísóyè ní ilé ìwòsàn ìjọba to bẹ́ǹṣì sílẹ̀: aboyún lábẹ́ igi máńgòrò, ẹlẹ́jẹ̀ ríru lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn arúgbó tí kò lẹ́ni tó ń bá wọn gbé lẹ́nu ọ̀nà, pé àwọn yẹn lòun ó máa bẹ̀ wò nílé. Mo lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé ta ló ń bá mi gbé. Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ojú yí sí mi. Ṣé kí èmi tí mo bímọ wá sọ láàárín ìlú pé n kò lẹ́nì kan? Mo ní ọmọ mi wà nílé. Ó ní ó dáa, kí n sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo sún lọ. Nígbà tí mo délé, mo kí wọn pé ẹ kú ilé o. Ewúrẹ́ ló dáhùn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, gbé mi lọ sí ẹgbẹ́ Bàbá Albert. N kò jowú rẹ̀ o, mò ń fi orúkọ rẹ̀ gbàdúrà. Bí o bá ń pè é, má gbàgbé láti kúnlẹ̀, àgbà ni. Sọ fún ẹ̀rọ náà pé bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, n kì í lè dìde láìdi àga mú. Sọ fún un pé nígbà mìíràn n kì í mọ̀ bóyá mo ti lo oògùn àbí n kò tíì lò ó, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi. Mo ti ní kí Kàmíl fọwọ́ bo ibí yìí nígbà tó bá ń ya fọ́tò, kí ó má baà kà á. Ìwọ ni kí o kà á. Bí ẹgbẹ́ pupa bá sì ti kún, bẹ Bàbá Albert kó yọ̀ǹda àárọ̀ ọjọ́ kan fún mi. Òun náà bímọ, yóò gbọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe ti oúnjẹ, mò ń jẹun. Ti páànù òrùlé yàrá rẹ ni. Ìwọ lo sọ ọ́ pé ẹ ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ pupa nílé, n kò sì fẹ́ kí òjò pa nọ́ọ̀sì mi lójú oorun.

Bí o ṣe ń wo bàbá oníbàbá, bẹ́ẹ̀ ni Dámi yóò wo ìwọ náà. Ilé kò ní jìnnà sí ọ. Bí o bá pè, n kò ní sọ pé dídùn ni mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Adébóyè.