"Má Lọ" àbí "Máa Lọ"

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Iwájú Ilé Onífọ́tò,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Olóhùn-Iyọ̀, ọ̀rẹ́ àtàtà mi,

Mo kí ọ kí n tó jókòó, mo tún kí ọ lẹ́yìn tí mo jókòó. Ṣé ara le? Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ ìpara? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń sùn sórí àga bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀? Àbúrò rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ńkọ́, ṣé tìyá tọmọ wà ní àlàáfíà? Ọlọ́run á bá wa wò ó. Tèmi náà nìyí, a dúpẹ́. Ara kò dùn mí, ọkàn ló ń dùn mí.

Ìpè tó o pè mí nígbà tí a sin ọkọ mi, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò dá ọ lóhùn dáadáa, ẹkún ni kò jẹ́. Ilé ti dákẹ́ láti ìgbà náà. Kíbọ́ọ̀dù tó fi ń bá yín ṣeré nínú ẹgbẹ́ olórin yín ṣì wà nínú pálọ̀. Mo fi aṣọ bò ó, èyí tó ṣẹ́kù nínú aṣọ dídán tí mo rán fún ẹgbẹ́ yín. Ṣé o rántí? Ìwọ lo ní ẹ dà bí ẹja inú agolo. Ìgbà tí mo ń wọ̀n yín fún un náà lo sọ mí ní Abẹ́rẹ́, tó o ní mo tín-ín-rín, mo sì ń gún èèyàn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Iléeṣẹ́ rédíò ibí ṣe ètò kan nípa ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí ọkọ mi tó lọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yin Àwọn Oníwáyà lẹ kó orin ìgbì tuntun, orin ẹ̀rọ yẹn, wọ̀lú, pé kí ẹ tó dé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀rọ lè kọrin ìfẹ́. Ó ní omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ ọ́. Ó wá ní kí àwọn olùgbọ́ máa pè. Háà, ọ̀rọ̀ pọ̀!

Awakọ̀ kan ló kọ́kọ́ pè. Ó ní ariwo fíríìjì sàn ju orin yín lọ, pé fíríìjì tiẹ̀ ń mú omi tutù. Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Olùkọ́ kan ní ẹ̀rọ yín tó ń lùlù fúnra rẹ̀ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn onílù gidi, òun ò sì ní dárí jì yín. Obìnrin apòògùn kan ní nígbà tí òun ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, orin yín ni òun ń gbọ́ tí òun ò fi ya wèrè. Ọ̀dọ́ olórin kan ní ọ̀dọ̀ yín lòun ti jí gbogbo ohun tí òun mọ̀ kọ́, pé ẹgbẹ́ òun tó bá ní òun ò jí nínú rẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó jókòó tì mí, pòṣé. Wọ́n ní dókítà ni àbúrò àwọn ìbá dà, bí kì í bá ṣe pátákó eléyín yẹn. Orúkọ tí wọ́n ń pe kíbọ́ọ̀dù nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ tán, omi bọ́ lójú wọn. Gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó bí mi nínú. Báyìí làá ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ìgbà tí wọ́n fi orin tó gbé yín jáde sí i ni nǹkan yí padà. O mọ èyí tí mò ń wí, èyí tó o ti ń fa ohùn bí ẹni ń fa okùn. Awakọ̀ yẹn tún pè, ó ní ìwà ìkà ni, ta ló ń sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé "Máa lọ"? Kíá ni apòògùn pè padà, ó ń pariwo: "Máa lọ kẹ̀? 'Má lọ' ló ń wí! Ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ̀yin èèyàn!" Bí ètò ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan ní ẹ̀bẹ̀ ni, àwọn kan ní ìdágbére ni. Láti ọjọ́ yìí wá, kálukú ti ń gbọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n tún orin náà fi sí i, kò yé ẹnikẹ́ni, torí ìró ẹ̀rọ ti bá ohùn rẹ gùn lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo pa rédíò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, nọ́ọ̀sì ní kí n sáré délé lọ wẹ̀, kí n fi nǹkan sẹ́nu. Mo dìde, mo mú báàgì. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, rọ́bà atẹ́gùn wà nímú rẹ̀, ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn sì ń dún lọ bíi kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ tí wọn ò gbọ́wọ́ kúrò. Ó yanu, ó sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ ní "Máa lọ". Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní mò ń bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti fa aṣọ bò ó lójú.

Ìlà orin yẹn náà ni, Olóhùn-Iyọ̀. Àràárọ̀ tí mo bá ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ mi máa ń kọ ọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà, tí màá sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Mi ò bi í rí pé èwo ni. Ohùn kan náà ló fi sọ ọ́ lórí ibùsùn. Mo ti gbà pé ó yọ̀ǹda mi ni, torí èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi ìgbà tí rédíò yìí kó iyèméjì bá mi. Mo ń ránṣọ, ó ń dún létí mi. Lánàá mo rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ọrùn rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ò ríran mọ́.

Òun ló fi ẹnu kọ́ ọ lórin náà, kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó ní kí o wí.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o bá mi gbé ọmọ tuntun náà jó. Bí o bá rí onígìtá yín, sọ fún un pé ṣòkòtò dídán rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ò ní gbà á mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní irú ohùn rẹ yẹn, lọ́yà ló yẹ kí o ṣe.

Má pè mí lórí fóònù o, torí ohùn náà ni yóò tún jẹ́. Kọ ọ́ ránṣẹ́. A kì í fa ohùn nínú ìwé. Tó bá jẹ́ "Máa lọ" ni, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ "Má lọ" ni, jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, bá mi fi "a" kan kún un.

Èmi náà ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
Abẹ́rẹ́.