Igun kan tí mo yí lára kíúbù Fáúsíà

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ sì kú àfaradà bọ́dà tí wọ́n tì. Ṣé Bàbá ń sùn dáadáa? Ọyẹ́ ti dé sí Ìlaròó níbí, ètè mi ti bó. Láti ìgbà tí ọjà ìrẹsì yín ti dúró, tí mo fi iléèwé sílẹ̀ wá bá Àǹtí, ìsọ̀ gàrí wọn ni mò ń jókòó sí. Fáúsíà ọmọ wọn á wọ yúnífọ́ọ̀mù kọjá níwájú mi.

Màmá, mo ti ṣe ohun tí kò dáa. Ẹ mọ kíúbù Fáúsíà, ike aláwọ̀ mẹ́fà tí wọ́n máa ń yí títí ojú kọ̀ọ̀kan á fi ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Tiẹ̀ tóbi, ẹyọ márùn-ún ní ìbú, márùn-ún ní òòró. Ó ń kọ́ mi, àmọ́ mi ò tíì tò ó tán rí. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi agbára yí igun kan ṣoṣo, pé tó bá ti yí bẹ́ẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè tò ó tó máa bára mu.

Lọ́jọ́ Àìkú tẹ́ ẹ pè, kíúbù yẹn lẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ ní Fáúsíà lọ́pọlọ, ẹ rẹ́rìn-ín. Káàdì yín tán kẹ́ ẹ tó béèrè bóyá mo ti jẹun. Ọjọ́ kejì ló fẹ́ tò ó níwájú gbogbo iléèwé wọn. Kó tó jí, mo ti fi àtàǹpàkò yí igun kan.

Ó tò ó títí, ó ku igun yẹn. Wọ́n hó lé e lórí, wọ́n ní ṣé orí ẹ̀ náà ni wọ́n tì bíi bọ́dà ni. Nígbà tó délé, Àǹtí bi í léèrè. Wọ́n sì ti búra pé tí mo bá tún dá wàhálà kan péré sílẹ̀, mọ́tò Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ni wọ́n máa fi dá mi padà sílé. Fáúsíà ní ó jábọ́ lọ́wọ́ òun ni. Ìgbà tó ku àwa méjì ló wá bi mí pé kí lòun ṣe fún mi.

Màmá, ìlara mi tún wá le sí i. Ó fi ọpọlọ jù mí, ó tún fi ìwà jù mí!

Kẹ́ ẹ tó ka lẹ́tà yìí, màá ti sọ fún Àǹtí fúnra mi. Tí wọ́n bá dá mi padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí sílé. Tí wọn ò bá dá mi padà, ẹ pè mí, èmi nìkan.

Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà ọjà yín, ẹ ò ní fi ojú sunkún mi. Ẹ bá mi kí Bàbá, Ẹ̀gbọ́n Ràfíù àti gbogbo ará ilé. Fáúsíà náà kí yín. Ó wù mí kí n fo ìkíni ẹ̀, àmọ́ ó ní kí n kọ ọ́.

Èmi ọmọ yín,
Mútíátù