Alhaji Jimoh Fàsásì àti Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Lọ Síbì Kan

Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí Alhaji Jimoh Fàsásì sí lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 1956, sínú ìdílé Alhaji Sálámì Fàsásì, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, àti Alhaja Rábíátù. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Kàfí lé wọn, ibẹ̀ sì ni owú ti wọlé. Kàfí mọ̀wé jù wọ́n, ó ga jù wọ́n, orúkọ rẹ̀ kì í sì í kúrò lẹ́nu ìyá wọn. Alhaji jowú. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n parí ilé-ìwé girama ní 1974, wọ́n fẹ́ Alhaja Waheedah ní 1983, wọ́n sì kó wá sí Woolwich nílùú Ọba ní 1989. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì, wọn kì í sì í pa Jímọ̀ jẹ ní mọ́ṣáláṣí. Kàfí tẹ̀lé wọn wá, ó rí iṣẹ́ wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, ó sì ń sáré létí odò ní Thamesmead láràárọ̀. Tí Alhaja Waheedah bá ti yin ikùn pẹlẹbẹ Kàfí pẹ́nrẹ́n, oúnjẹ ọjọ́ náà bàjẹ́ nìyẹn.

Ní 2018, àwọn oníwádìí kan wá sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń wá àwọn bàbá tí yóò gun kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kan, irú èyí tí a ń gùn lójú kan fún eré ìdárayá, kí àwọn lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún adirẹnalíìnì, èròjà tí ara ń tú jáde tí àyà fi ń lù kì-kì-kì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Nígbà tí èsì dé, ti Alhaji fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti Kàfí lọ. Háà, inú Alhaji dùn ṣìnkìn! Wọ́n fi èsì náà sí WhatsApp ẹbí, wọ́n ra ẹran ewúrẹ́, wọ́n pe ènìyàn jẹun. Ìgbà tí a jẹun tán ni Habeebah, ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, rọra ṣàlàyé pé èyí kì í ṣe máàkì ìdánwò. Ara tó ti mọ eré ìdárayá kì í dààmú nítorí iṣẹ́ kékeré. Ara Alhaji ló rò pé wọ́n ń lé òun.

Owú ló lé wọn jáde nílé. Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń rìn kánmọ́kánmọ́, tí wọ́n ń sá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà gun kẹ̀kẹ́, adirẹnalíìnì wọn ti wálẹ̀ dé ìdajì, àmọ́ ti Kàfí ṣì kéré jù tiwọn lọ. Àwọn oníwádìí wá ní kí kálukú wà á dé ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Níbi tó ti yẹ kó pọ̀, ti Kàfí ló tún pọ̀ jù, nítorí ara tó ti pẹ́ lẹ́nu eré sísá a máa ní púpọ̀ nípamọ́. Ó dun Alhaji wọra. Síbẹ̀ wọn ò dá ìrìn náà dúró.

Jẹjẹrẹ ló mú wọn lọ lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2025. Àwọn dókítà ní ọkàn wọn ṣì le dáadáa. Wọ́n fi Alhaja Waheedah sáyé, àti ọmọ mẹ́ta, Habeebah, Muaz àti Ikram, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún àti Kàfí, àbúrò wọn. Kàfí ló jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó ń sunkún. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní, "Kàfí, lẹ́yìn ọjọ́ ìbí, èyí nìkan ni mo fi ṣíwájú ẹ. Má sáré tẹ̀lé mi o."

Alhaji, ẹ sùn re. Kí Ọlọ́run fi Alujanna ṣe ilé yín. Kàfí yóò rọra máa rìn bọ̀.