Iná Tó Ń Pa Ara Rẹ̀

Mizuho ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Nagoya, ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Yìnyín orí òkè ti yọ́ tán, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn nínú oko ìrẹsì, ara màmá rẹ sì le, àfi orúnkún tó ń dùn ún. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí ojú ń tì mí, ojú ń tì mí gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ńlá tí o fi sílẹ̀ fún wa ni. O ní kí n máa gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí bátìrì rẹ̀ má baà kú. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ibi tí mo fọwọ́ dì mú gbóná janjan, mo ní yéè, ibà ti mú alùpùpù ọmọ mi, ni mo bá rẹ aṣọ ìnujú sínú odò, mo fi wé e lọ́wọ́ méjèèjì títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ le. Tíráfíkétọ̀, iná tí à ń tàn bí a bá fẹ́ yà, ló kó bá mi.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún méjìdínlógójì ni mo fi gun alùpùpù pupa pín lẹ́tà. Bí mo bá ti tan iná pé mo fẹ́ yà, tí mo yà tán, àtàǹpàkò mi á pa á. Ọ̀gá wa máa ń gbá wa ní akoto bí a bá gbàgbé. Kódà mo máa ń pa iná lójú oorun, màmá rẹ ni ẹlẹ́rìí. Àmọ́ lórí alùpùpù tìrẹ, mo yà níbi afárá, kí àtàǹpàkò mi tó dé ibẹ̀, iná ti kú. Mo rántí pé o ní alùpùpù náà máa ń bá fóònù rẹ sọ̀rọ̀, ni mo bá mọ̀ pé ò ń wò mí láti Nagoya, o rò pé bàbá ti darúgbó, o wá ń bá mi pa á. Mo ń pariwo lójú ọ̀nà pé Mizuho, fi mí sílẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe kí wọ́n tó bí ọ. Lọ́jọ́ kejì mo fi ìborùn màmá rẹ bo dígí kékeré tó ń tàn níwájú alùpùpù náà kí o má baà rí mi mọ́. Iná ṣì kú. Ó wá dá mi lójú pé ìwọ kọ́, Ogata mẹkáníìkì ló bà á jẹ́, torí òun ló pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Ǹ bá ti dákẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tí gbogbo ilé jáde lọ kó ẹrẹ̀ kúrò lójú omi oko, tí a jókòó sétí oko tí à ń jẹ ìrẹsì tí a fi ewé òkun wé, mo sọ fún Ogata lójú gbogbo abúlé pé ọwọ́ rẹ̀ ti gbó, kó lọ sinmi kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ogata tó tún alùpùpù pupa mi ṣe fún ọgbọ̀n ọdún, tí mi ò fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Kò bá mi jà. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan koríko, ó ní kí n má bínú, pé òun ò mọ irú alùpùpù ńlá bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá ọwọ́ òun ló ṣì í. Ìyàwó Hirose tó jókòó tì mí ní háà, Kajitani, ẹ̀yin náà! Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, mo ń jẹun lọ.

Lọ́jọ́rú, màmá rẹ ń nu alùpùpù náà, ó rí ìwé rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Mo wọ awò, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí èèyàn bá yà tán, tàbí bó bá rìn lọ díẹ̀ láìyà, iná á pa ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ooru ibi ìdìmú náà, ẹ̀rọ tó ń mú ọwọ́ ẹni gbóná ni, ìwọ lo tàn án nígbà òtútù tí o ò pa á. Màmá rẹ rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní Ogata ńkọ́? Ogata ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé òun ń kógbá sílé ní ìparí oṣù, wọ́n ní ó ní òun ò fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gùn lọ síbẹ̀. Mo tan iná pé mo ń yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo kọjá lọ tààrà. Iná náà ń ṣẹ́jú lọ títí, ó pa ara rẹ̀. Alùpùpù pàápàá ti mọ̀ pé ojo ni bàbá rẹ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àpótí àkàrà dídùn, èyí tó dára, torí a kì í lọ bẹ ẹni tí a ṣẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Màmá rẹ kò fún mi, ó ní ẹnu tí mo fi bú u náà ni kí n fi bẹ̀ ẹ́. Owó rẹ ò sì ní lè dé kí oṣù tó parí. Lẹ́tà yìí ni mo máa gbé lọ dípò àkàrà. Àpótí lẹ́tà kan ṣoṣo tó kù lábúlé wa, ẹnu ọ̀nà Ogata ló wà, o mọ̀ ọ́n. Mi ò ní lẹ ẹnu àpò lẹ́tà yìí. Màá fún un kó kà á lójú mi, màá sì tẹrí ba títí yóò fi kà á tán. Bó bá dárí jì mí, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́, kó sì ya ìwé yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn.

Àwọn baba ńlá wa á máa ṣọ́ ọ lọ́nà. O ò ní yà síbi tí ibi wà. Ẹnu rẹ ò ní kó bá ọ.

Ó ti lé láàádọ́ta ọdún tí ọ́ìlì ò ti kúrò lọ́wọ́ Ogata. Má tíì ju àpò lẹ́tà yìí nù, ọmọ mi. Yẹ ẹnu rẹ̀ wò fún mi, bóyá àmì ìka dúdú wà níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kajitani Yasaku